Bí ẹ ṣe lè di GPA yín mú láì pa ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ tì, tí ẹ bá fẹ́ ṣe transfer ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì) ní Amẹ́ríkà tí ẹ sì fẹ́ ṣe transfer lọ sí yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: ṣé kí n pa ẹgbẹ́ tì kí n gbájú mọ́ ìwé ni, àbí wọn ò ní gbà mí tí ibi tí wọ́n ní kí n kọ activities sí bá ṣófo? Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ po fún yín. Máàkì, ìyẹn GPA (ìpíndọ́gba gbogbo máàkì yín), ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì á wá sọ tiẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ọmọ láàmú ni pé wọn ò wo kàlẹ́ńdà. Sẹ̀mẹ́sítà tí gbogbo máàkì ẹ̀ máa dé iwájú àwọn tó ń gba ọmọ wọlé, ìyẹn gan an ni wọ́n máa gba ipò ààrẹ ẹgbẹ́, tí wọ́n á tún gba iṣẹ́ alẹ́, tí wọ́n á tún mú kẹ́místrì tó ní láàbù, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó bá wá di ìparí October tí fọ́ọ̀mù ti ṣí, ojú á ti pọ́n wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ibi tí ẹ ń lọ ń wò

Iléèwé ò rí bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo yunifásítì ló ń wá "ọmọ tó ń ṣe gbogbo nǹkan". Mo máa fi California ṣe àpẹẹrẹ torí ètò tiwọn ló yé èèyàn jù. Tó bá jẹ́ Cal State, ìyẹn California State University (CSU), lẹ fẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ nínú kámpọ́ọ̀sì wọn kì í bèèrè àròkọ, wọn kì í sì í bèèrè ẹgbẹ́ tí ẹ wà, GPA yín, iye kírẹ́díìtì yín àti àwọn kíláàsì tí ẹ ti ṣe ni wọ́n ń wò. Wọ́n tiẹ̀ ní oyè ọlọ́dún méjì kan tí wọ́n ń pè ní Associate Degree for Transfer, tí ẹ bá gbà á tí GPA yín sì pé, àyè yín dájú ní ibì kan nínú CSU, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó lè má jẹ́ kámpọ́ọ̀sì tí ọkàn yín fẹ́ jù. Ọmọ tó ń lọ sí irú ibẹ̀ tó wá ń pa ara ẹ̀ lórí ẹgbẹ́ mẹ́ta nítorí fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù yẹn ò ní bi í. Tí ẹ bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, ẹ máa ṣe é o, ẹ ṣáà má ṣe é nítorí ohun tí kò sí níbẹ̀. Florida náà ní irú ètò yìí, ẹni tó bá gba AA (oyè ọlọ́dún méjì) ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba níbẹ̀ ní àyè nínú ọ̀kan lára yunifásítì ìpínlẹ̀ náà.

UC, ìyẹn University of California, yàtọ̀. Wọ́n ń bèèrè máàkì, wọ́n sì ń bèèrè yín. Ẹ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì 60 ti sẹ̀mẹ́sítà, tàbí 90 ti quarter (fún iléèwé tó pín ọdún sí mẹ́rin), GPA tó kéré jù tí wọ́n lè gbà jẹ́ 2.4 fún ọmọ California, 2.8 fún ẹni tó bá wá láti ìta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 2.4 yẹn tan ara yín, ọ̀pọ̀ ẹni tí UCLA àti Berkeley ń gbà ju 3.5 lọ. TAG tún wà, ìyẹn àdéhùn tí kámpọ́ọ̀sì mẹ́fà ń bá yín ṣe ṣáájú pé wọ́n máa gbà yín tí ẹ bá ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe (Davis, Irvine, Merced, Riverside, Santa Barbara àti Santa Cruz), ọ̀kan ṣoṣo lẹ lè mú nínú wọn, inú oṣù September lẹ sì máa fi í ránṣẹ́. Máàkì àti kíláàsì ni TAG ń wò, ẹgbẹ́ ò sí níbẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi TAG dáàbò bo ara wọn ná, lẹ́yìn ẹ̀ ni ká wá sọ̀rọ̀ ìyókù.

Àwọn iléèwé àdáni tó ń lo Common App (fọ́ọ̀mù kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń lò) ló ń wo ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì jù. Princeton ò gba transfer kankan láti 1990, ọdún 2018 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, àyè tó wà níbẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ní irú ibi báyẹn gbogbo ẹni tó kọ̀wé ló ní máàkì tó dáa, ohun tí ẹ fi àkókò yín ṣe ni wọ́n máa fi yà yín sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní máàkì yẹn kí wọ́n tó yà yín sọ́tọ̀.

Kàlẹ́ńdà: ẹ kà á sẹ́yìn

Ká ní August tàbí September 2027 lẹ fẹ́ wọ UC. Fọ́ọ̀mù yín máa lọ láàárín 1 October sí ìparí November 2026, nígbà míì wọ́n máa ń fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún un. Máàkì wo ló máa wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Fall 2025, Spring 2026 àti summer 2026. Ó parí. Lẹ́yìn náà ní January 2027 ẹ máa ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Transfer Academic Update, ibẹ̀ lẹ ti máa kọ máàkì Fall 2026 kún un, ó gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di 31 January. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọdún àkọ́kọ́ yín, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọdún tí a fi ń mọ̀lú, òun gan an ni gbogbo GPA tí ẹ máa fi kọ̀wé.

Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ pé ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ti tó, kí ẹ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Ẹ lọ jókòó, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe, ẹ mọ àwọn èèyàn ibẹ̀, kí gbogbo agbára yín wà nínú kíláàsì. Ní sẹ̀mẹ́sítà kejì, nígbà tí ẹ ti mọ bí àwọn lẹ́kítọ̀ ṣe ń fún èèyàn ní máàkì, ẹ lè gba iṣẹ́ kan tó lórúkọ. Summer ni ibi tí wákàtí ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni kí ẹ kó iṣẹ́ tó wúwo sí, bóyá volunteer ní ọsibítù, tàbí iṣẹ́ ìwádìí pẹ̀lú lẹ́kítọ̀ kan, tàbí kí ẹ ṣiṣẹ́ owó kí ẹ lè dín wákàtí kù nígbà tí iléèwé bá wọlé. Fall tí ẹ máa kọ̀wé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun kankan, kíkọ àròkọ nìkan máa gba ìrọ̀lẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní October ò lè ṣe yín láǹfààní lórí fọ́ọ̀mù tí ẹ máa fi ránṣẹ́ ní November, àwọn tó ń kà á mọ ohun tí wọ́n fi kún un nítorí fọ́ọ̀mù.

Ẹ ṣírò wákàtí kí ẹ tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni

Ìlànà tó wà fún kírẹ́díìtì ní Amẹ́ríkà ni pé kírẹ́díìtì kan jẹ́ wákàtí kan nínú kíláàsì lọ́sẹ̀ àti ó kéré tán wákàtí méjì tí ẹ máa fi kàwé níta. Ẹni tó mú kírẹ́díìtì 15, wákàtí 45 ni lọ́sẹ̀, iṣẹ́ gidi nìyẹn, ó ju iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí 168. Ẹ yọ 56 fún oorun (wákàtí mẹ́jọ lálẹ́, ẹ má bá mi dúnàádúrà lórí èyí), ó ku 112. Ẹ yọ 45 ti ìwé, ó ku 67. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 20, ó ku 47. Nínú 47 yìí lẹ máa ti jẹun, tí ẹ máa ti wẹ̀, wọ bọ́ọ̀sì, se oúnjẹ, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, pe àwọn ará ilé, ran àbúrò lọ́wọ́. Bí èyí bá gba wákàtí 35, ohun tó kù fún ẹgbẹ́ jẹ́ wákàtí 12, ìyẹn náà tí ara bá yá o, tí kò sì sí ìdánwò lọ́sẹ̀ yẹn.

Iye tèmi kọ́ lẹ máa lò, iye tiyín ni. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, sínú fóònù tàbí sórí bébà, kí ẹ má parọ́ fún ara yín nípa wákàtí tó bá fóònù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa mọ̀ bóyá àyè wà tàbí kò sí.

Wákàtí nìkan kọ́, ẹ ṣírò GPA náà. Ká ní ẹ ti ní kírẹ́díìtì 30 pẹ̀lú 3.2, ìyẹn jẹ́ póìntì 96 (30 lọ́nà 3.2). Tí ẹ bá gba 3.8 nínú kírẹ́díìtì 15 tó kàn, póìntì 57, àpapọ̀ 153, ẹ pín in sí 45, ẹ ti di 3.4. Ẹ rí i pé sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo tó dáa gan an ló gbé e tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo òdì kejì ẹ̀: Calculus tó jẹ́ kírẹ́díìtì 5, tí ẹ bá gba C (póìntì 2 fún kírẹ́díìtì kan) dípò A (póìntì 4), póìntì 10 ti lọ nìyẹn, lórí kírẹ́díìtì 45 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.22, kíláàsì kan ṣoṣo ló ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe igbákejì ààrẹ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ara yín pé kíláàsì wo ni èmi àti ipò yìí máa jọ gbé sẹ̀mẹ́sítà kan náà. Tó bá jẹ́ Calculus àti Organic Chemistry, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó di sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀.

Irú nǹkan tó yẹ kí ẹ máa ṣe

Méjì ti tó, tí ẹ bá ṣe é pẹ́. UC fún èèyàn láyè láti kọ nǹkan tó tó 20, àwọn ọmọ á wá rò pé àfi kí wọ́n kún un, rárá o, kò sẹ́ni tó ń ka iye ẹ̀. Wọ́n máa bi yín pé wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó lọ́dún, ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ohun tó máa ń dá àkókò tí ẹ fún un padà sínú máàkì yín. Iṣẹ́ tútọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ míì ní ìṣirò ní math lab, ó ń tún un kà fún ara ẹ̀ ni, ó ń gbowó díẹ̀, ó sì ní nǹkan gidi láti kọ. Iṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́kítọ̀ yín náà wà níbẹ̀, torí tó bá jẹ́ iléèwé àdáni lẹ ń lọ, ẹ máa nílò lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, lẹ́kítọ̀ tí kò mọ̀ yín ò lè kọ ju pé ẹ gba A lọ. Lójú tèmi ìdajì wákàtí ní office hours (àkókò tí lẹ́kítọ̀ yà sọ́tọ̀ láti rí akẹ́kọ̀ọ́) lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ju ẹgbẹ́ kẹta lọ fíìfíì. Phi Theta Kappa náà dáa, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó mọ̀wé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ni, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1918, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ní scholarship tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ náà tó bá ṣe transfer. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan lórí fọ́ọ̀mù ò ṣe nǹkan kan, ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Àwọn ọmọ wa kì í ka iṣẹ́ owó àti ìtọ́jú ilé sí nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan fún mi ní fọ́ọ̀mù ẹ̀ kí n bá a wò ó, ó kọ ẹgbẹ́ mẹ́rin síbẹ̀, "ọmọ ẹgbẹ́", "ọmọ ẹgbẹ́", "ọmọ ẹgbẹ́", "ọmọ ẹgbẹ́", kò sí ohun tó ṣe nínú ọ̀kankan. Mo bi í pé kí ló ń ṣe tó bá kúrò níléèwé, ó ní òun ń to ọjà sórí ṣẹ́ẹ̀fù ní alẹ́, òun ló sì ń lọ mú àbúrò òun méjì níléèwé, tó ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń wo àsáínmẹ́ǹtì wọn títí màmá wọn á fi dé láti ibi iṣẹ́. Mo ní ṣé ìwọ ò kọ ìyẹn ni? Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń kọ irú ẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ o! Àyè wà fún iṣẹ́ owó lórí fọ́ọ̀mù UC, ìtọ́jú àbúrò tàbí òbí náà sì wúlò níbẹ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe wúlò. A yọ mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yẹn kúrò. A kọ iṣẹ́ alẹ́ sí i, wákàtí ẹ̀, àti pé òun ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí wọ́n ṣe ń ka ọjà. A kọ ti àbúrò ẹ̀ sí i, ọjọ́ márùn ún lọ́sẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn kúrú ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn wà nínú ẹ̀ báyìí, ẹni tó bá sì rí i pé ó gba 3.6 pẹ̀lú gbogbo èyí máa mọ ohun tí 3.6 yẹn ná an.

Tí máàkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í já

Ẹ má dúró de final. Lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́ tí nǹkan ò dáa, lọ́sẹ̀ yẹn gan an, ẹ lọ bá lẹ́kítọ̀, kí ẹ mú ìwé ìdánwò náà dání, ẹ ní kó fi ibi tí póìntì ti lọ hàn yín. Lẹ́yìn náà ẹ gé wákàtí kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹ má gé e kúrò nínú oorun. Ìtìjú ló máa ń mú ká dákẹ́ títí gbogbo ẹ̀ á fi bàjẹ́, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ kàn kọ̀wé sí ààrẹ ẹgbẹ́ pé: "Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, mo máa ṣe é dé ìparí oṣù, mo sì máa kọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa máa wá sí ìpàdé lásán." Kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín, ẹni tó bá sì bínú, ẹ fi sílẹ̀.

W ńkọ́, ìyẹn àmì tí wọ́n ń kọ fún ẹni tó jáde nínú kíláàsì láì parí ẹ̀? W kì í wọ GPA, ṣùgbọ́n ó máa ń hàn lórí transcript (ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì yín). Tí ẹ bá jáde nínú kíláàsì kíákíá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í tiẹ̀ hàn rárá, ẹ béèrè ọjọ́ tiyín ní iléèwé yín. W kan ò burú, ó sàn ju D lọ. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹ jáde, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Ṣé kíláàsì tí major yín (ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ fi gboyè) ní dandan ni, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo lẹ máa tún un ṣe kó tó di ìparí Spring tó ṣáájú transfer? (ASSIST.org lẹ ti máa rí kíláàsì tó bá ti UC àti CSU mu.) Ṣé ẹ ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù FAFSA bèèrè, torí W wà lára kírẹ́díìtì tí ẹ gbìyànjú, ọ̀pọ̀ iléèwé sì ní kí ẹ parí ìdá 67 nínú 100 àti kí GPA má já sísàlẹ̀ 2.0. Ẹ̀kẹta kan àwọn tó wà lórí vísà F-1 (vísà akẹ́kọ̀ọ́), ẹ ò gbọ́dọ̀ já sísàlẹ̀ kírẹ́díìtì 12 láì gba àṣẹ lọ́wọ́ DSO iléèwé yín (òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè), ẹ má tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Ẹ̀yin F-1 náà, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òpin fún iṣẹ́ inú ọgbà iléèwé nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́, ẹ sì ṣọ́ra fún iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún àwọn míì tí wọ́n wá ní kí ẹ ṣe é ní volunteer, ẹ bi DSO kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àròkọ

UC máa bi gbogbo ọmọ transfer ní ìbéèrè kan tó jẹ́ dandan, pé báwo lẹ ṣe múra sílẹ̀ fún major tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ tún mú mẹ́ta nínú méje tó kù, ọ̀rọ̀ 350 ni òpin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìbéèrè dandan yẹn dáadáa, ibẹ̀ ni máàkì àti ohun tí ẹ ń ṣe níta ti pàdé. Ẹni tó ń ṣe tútọ̀ Calculus lè kọ pé ibi kan báyìí làwọn ọmọ ti máa ń ṣìnà nínú derivative, pé òun ṣe bébà kékeré kan tó fi hàn wọ́n, pé àwọn tútọ̀ míì ti ń lò ó báyìí, pé ìgbà tí òun ń ṣe é ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye chain rule dénú. Irú ẹ̀ lẹ máa ń rí kọ nígbà tí ẹ bá ṣe nǹkan kan pẹ́. Tí máàkì yín já ní sẹ̀mẹ́sítà kan nítorí àìsàn tàbí nítorí ẹ ń tọ́jú ẹnìkan, àyè wà fún àlàyé lórí fọ́ọ̀mù náà lọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn mélòó kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ má tú ara sílẹ̀ jù. Wọ́n máa gbà yín pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ máa parí àwọn kíláàsì tí ẹ kọ pé ẹ máa ṣe ní Spring. Tí ẹ bá yọ kíláàsì kan tàbí ẹ gba D tàbí F, ẹ sọ fún wọn kíákíá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn rí i lórí transcript ìkẹyìn tí UC ń retí kó tó di 1 July. Spring yìí ni ẹ lè ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ yẹn tí ẹ ti ń fẹ́ ṣe tipẹ́, tàbí iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́kàn yín, kò ní hàn lórí fọ́ọ̀mù mọ́, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ló máa jẹ àǹfààní ẹ̀. Ẹ máa wo íméèlì yín lójoojúmọ́ láti March títí di ìparí April, ibẹ̀ ni ìdáhùn máa gbà wá.